Ojúde Ọba tí mo fi fóònù wò

Lọ́jọ́ kejì Iléyá ọdún náà, pápá bàálù Bebi ni mo wà, lẹ́sẹ̀ òkè Obudu, tí mò ń bá páílọ́ọ̀tì fa wàhálà. Àwa mẹ́fà nínú régbérégbé wa, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wa ní Ìjẹ̀bú, la háyà bàálù kékeré láti Èkó lọ ṣe ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ wa. (Ẹ má bi mí pé ta ló ń ṣe ọjọ́ ìbí lásìkò Iléyá. Olówó ni.) Ojúde Ọba di ọ̀la. Sányán wa ti wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ti lọ̀ ọ́, fìlà ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Páílọ́ọ̀tì ní òun ò gbéra.

"Ṣé o mọ iye tá a san ni?" Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni, kò tíì tó ogójì ọdún. Kò bínú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká bọ́ síta." Ó nawọ́ síwájú. "Òkè tẹ́ ẹ rí lánàá dà?"

Mo wò títí. Gbogbo iwájú wa funfun bí ògì.

"Kò kúrò níbẹ̀ o. Inú ìkùukùu yẹn ló wà."

Orí bẹ́ǹṣì ló ti ṣàlàyé fún mi pé ojú làwọn fi ń wá ọ̀nà láàárín òkè. Bí ìkùukùu bá bò ó, bàálù á ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ara á ṣì máa sọ fún èèyàn pé ó dúró ṣánṣán. Ní 1954, Yunifásítì Illinois dán 20 akẹ́kọ̀ọ́ páílọ́ọ̀tì tí wọn ò tíì mọ bá a ṣe ń wo àwọn ẹ̀rọ atọ́nà inú bàálù wakọ̀ wò. Wọ́n ṣe é bíi pé ìkùukùu bo fèrèsé. Tá a bá pín in dọ́gba, 178 ìṣẹ́jú àáyá ni bàálù fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta! Bàálù Beechcraft kan tó ń bọ̀ ní Bebi yìí gan-an ní oṣù kẹta 2008, ara òkè ló forí sọ. Oṣù kẹjọ làwọn ọdẹ tó rí i nínú igbó.

Mo dákẹ́, àmọ́ inú ṣì ń bí mi. Oṣù kejì 2024 ló tó yé mi, nígbà tí hẹlikọ́pítà tó gbé Herbert Wigwe, ọ̀gá iléeṣẹ́ tó ni báńkì Access, àti ọmọ Ìjẹ̀bú wa, Abímbọ́lá Ògúnbánjọ, já ní California lóru, nínú òjò àti yìnyín. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà inú rẹ̀ ló kú. Àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà ní páílọ́ọ̀tì wọnú ojú ọjọ́ tí kò ti lè ríran ni. Mo wá nọ́ńbà ọmọ Abẹ́òkúta yẹn, mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́.

Ní báyìí, tí mo bá fẹ́ wọ bàálù kékeré lọ síbi olókè, mi ò jẹ́ sọ fún páílọ́ọ̀tì pé mo lóde lọ́la. Ẹrù lẹ̀ ń dì lé e lórí. Mo máa ń san owó yàrá alẹ́ kan sí i sílẹ̀. Ẹni tó kọ̀ kì í bà mí lẹ́rù mọ́. Ẹni tó bá ní "ẹ jẹ́ ká kàn gbìyànjú ẹ̀ wò" ni mo ń sá fún.

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba yẹn, orí mẹ́fà kó jọ sórí fóònù kan. Ẹlẹ́ṣin kọjá, régbérégbé ń jáde níkọ̀ọ̀kan níwájú Awùjalẹ̀. Bó ṣe kan tiwa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dá. Páílọ́ọ̀tì ti lọ ra àgbàdo sísun fún gbogbo wa.