Mo tọ ipasẹ̀ Per Wästberg dé Uppsala

Aago mẹ́ta ọ̀sán nilẹ̀ ti ń ṣú ní Stockholm, olú ìlú Swídìn, nínú oṣù kọkànlá. Àbúrò mi obìnrin tí mo lọ kí níbẹ̀ ti sọ ọ́ fún mi lórí fóònù kí n tó kúrò n'Íbàdàn, àfi ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo tó gbà á gbọ́. "Bùrọ̀dá mi, tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí Uppsala, ẹ yáa jí lọ ní kùtù." Ni mo bá jí lọ.

Ìwé kan ni mo ń wá lọ. Per Wästberg ló ṣe olóòtú rẹ̀, òǹkọ̀wé àti lámèyítọ́ ọmọ Swídìn tí wọ́n bí sí Stockholm ní 1933. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ó kàwé ní Harvard, ó tún kàwé ní Uppsala, ó sì ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Dagens Nyheter, èyí tó padà di olóòtú àgbà fún. Ṣùgbọ́n 1959 ló yí ayé rẹ̀ padà. Ó rí owó ẹ̀kọ́ gbà lọ sí Rhodesia, ìyẹn Zimbabwe òde òní, ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè dákẹ́. Ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun lé e kúrò. Ti South Africa náà tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ní 1961 ó ṣa ìtàn àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà jọ sínú ìwé kan lédè Swídìn, ó pè é ní Afrika berättar, "Áfíríkà ń sọ̀tàn". Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa: òmìnira Nàìjíríà kò tíì pé ọdún méjì! Ohun tí mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí fún nìyẹn. Kò dúró kí ayé kọ́kọ́ yìn wá kó tó kà wá.

Ogójì ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ ojú irin gbà dé Uppsala. Bí mo ṣe wọ ilé ìkàwé Nordiska Afrikainstitutet, ilé ìwádìí nípa Áfíríkà, láti inú òtútù, kùrukùru bo awò ojú mi, mi ò rí nǹkan kan. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún. Ìyá àgbàlagbà tó wà nídìí tábìlì rọra dúró dè mí. Mo dárúkọ ìwé náà fún un, ó wọlé lọ, ó sì gbé e wá.

Ìwé náà kò nípọn. The Writer in Modern Africa ni wọ́n pè é, ilé ìwádìí yìí gan-an ló tẹ̀ ẹ́ ní 1968. Ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà àti ti Scandinavia bá ara wọn sọ ní Stockholm, nínú oṣù kejì 1967, ló wà nínú rẹ̀. Alex La Guma, ọmọ South Africa, wà níbẹ̀. Lewis Nkosi, ọmọ South Africa bíi tirẹ̀, wà níbẹ̀. Wọlé Ṣóyínká wà níbẹ̀.

Wọ́n tẹ orúkọ náà láìsí àmì orí, láìsí àmì ìsàlẹ̀, síbẹ̀ inú mi dùn bí ìgbà tí mo bá ẹbí pàdé lẹ́yìn odi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá wí, pé wọ́n ń wo àná ṣáá nígbà tí òní ń jóná lójú wọn. Ó ní kí òǹkọ̀wé máa kọ ìṣe àwùjọ rẹ̀ sílẹ̀, kó sì jẹ́ ohùn aríran nígbà ayé tirẹ̀.

Oṣù kejì lèyí o. Nígbà tó di oṣù keje, ogun bẹ́ sílẹ̀ nílé wa. Nínú oṣù kẹjọ, wọ́n gbé Ṣóyínká, kò sì rí ìta mọ́ títí di oṣù kẹwàá 1969. Ìyẹn ni pé nígbà tí ìwé tó wà lọ́wọ́ mi yìí jáde, inú àhámọ́ ni ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà. Mo gbé ìwé náà kalẹ̀, mo wojú fèrèsé fún ìgbà pípẹ́.

Lọ́dún 1967 yẹn kan náà ni Wästberg di ààrẹ ẹgbẹ́ PEN ti Swídìn, ẹgbẹ́ tó ń jà fún àwọn òǹkọ̀wé tí ìjọba bá gbé dè. Ó padà di ààrẹ PEN gbogbo àgbáyé. Ó tún wà lára àwọn tó dúró ti International Defence and Aid Fund, àwọn tó ń fi ọgbọ́n san owó lọ́yà fún àwọn tí ìjọba South Africa ń bá ṣẹjọ́, tí wọ́n sì ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí ìyàwó àti ọmọ ẹlẹ́wọ̀n nínú lẹ́tà, bíi pé ọ̀rẹ́ lásán ló kọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo dé Stortorget ní Stockholm, níwájú ilé tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Swedish Academy, àwọn tó ń yan ẹni tí yóò gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀, ti ń pàdé. Wästberg wọ ẹgbẹ́ náà ní 1997. Nígbà tí wọ́n fún òǹkọ̀wé J. M. Coetzee ní ẹ̀bùn Nobel ní 2003, òun ni wọ́n ní kó dìde sọ̀rọ̀ yìn ín: ẹni tí South Africa ti tilẹ̀kùn mọ́ rí, òun ló ń pe ọmọ South Africa síwájú ọba.

Àbúrò mi ti bá mi ra Afrika berättar lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù ìwé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, nídìí tábìlì ìdáná rẹ̀, ó ń kà á lédè Swídìn, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún mi ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti le, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin á na ọrùn wo ojú ìwé, á bá ìyá rẹ̀ pè é.