Àpá Irorẹ́, Awọ Dúdú àti Ooru Ìgbì Rédíò

Ọmọ ọdún 14 ni mí nígbà tí irorẹ́ bo ojú mi, tí gbogbo ilé sì ń sọ pé ẹ̀pà tí mò ń jẹ ló fà á. Nígbà tí mo fi máa pé ọmọ ọdún 23, irorẹ́ náà ti lọ, ṣùgbọ́n ó fi kòtò sílẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì. Mo ra ìpara títí ó fi sú mi. Ìpara lè ran àbàwọ́n dúdú lọ́wọ́, àmọ́ kòtò jẹ́ ibi tí irorẹ́ ti ba collagen tó gbé awọ ró jẹ́ nísàlẹ̀, ìpara kì í sì í débẹ̀.

Kí n tó mọ èyí, mo ti lọ ṣe laser, ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ líle ṣe, níbì kan, kò sì sẹ́ni tó yẹ irú awọ tí mo ní wò. Melanin, èròjà tó ń mú kí awọ dúdú, a máa fa ìmọ́lẹ̀ ọ̀pọ̀ laser mọ́ra, nítorí náà bí awọ bá ṣe dúdú tó ni ewu kí ó jó ṣe ń pọ̀ tó. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti ṣú, ó sì tó oṣù mẹ́jọ kí ó tó ṣí. Ó ṣì ń dùn mí. Lọ́dún 1975 ni Thomas Fitzpatrick, dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà, gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, èyí tó ń pín awọ sí ìpele nípa bí oòrùn ṣe ń ṣe é. Àwọn aláwọ̀ funfun ló kọ́kọ́ wà fún, ẹ̀yìn náà ni wọ́n fi ìpele V àti VI kún un nítorí irú awọ tiwa. Ó ti pẹ́ jù kí ẹnikẹ́ni tó máa gbé laser sójú wa má bìkítà fún un.

Dókítà kan l'Ékòó ló wá ṣàlàyé abẹ́rẹ́ onígbì rédíò fún mi. Ẹ̀rọ náà a máa ti ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ tín-ín-tín bọ inú awọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè jìn tó mìlímítà 3, lẹ́yìn náà ni iná onígbì rédíò yóò gba ẹnu wọn jáde. Ara kì í jẹ́ kí iná náà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ìdènà yẹn ló ń di ooru, ooru náà ló sì ń ta ara jí láti hun collagen tuntun. Ooru yìí kì í wá àwọ̀ kiri. Àwọn abẹ́rẹ́ mìíràn tilẹ̀ wà tí wọ́n ti bo ọ̀pá wọn, tó jẹ́ ṣóńṣó wọn nìkan ló ń gbóná, kí òkè awọ tí melanin wà lè móríbọ́. Ojú ṣì lè ṣú o, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ dínkù sí ti laser.

Wọ́n fi ìpara pa ojú mi kú fún bí wákàtí kan. Síbẹ̀, iwájú orí, níbi tí eegun ti sún mọ́ awọ, dùn mí gidigidi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà síra wọn. Dókítà náà ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé, "Ẹ má retí pé gbogbo rẹ̀ ni yóò lọ, bí a bá rí ìdajì, a ti ṣe dáadáa." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Àwọn kòtò fẹ̀ǹfẹ̀, tó ń lọ sókè sódò bí ìgbì omi, ti dìde, àmọ́ àwọn tóóró tó jìn bí ojú abẹ́rẹ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, ásíìdì tí wọ́n ń kán sí ìdí wọn ló sàn fún wọn jù.

Aláboyún, ẹni tí àpá rẹ̀ máa ń wú di keloid, àti ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń darí lílù ọkàn láyà kò gbọdọ̀ sáré wọ inú rẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2025, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn kan ti jóná, ọ̀rá ojú àwọn mìíràn yọ́, iṣan ìmọ̀lára àwọn kan sì bàjẹ́. Iṣẹ́ ìṣègùn ni, kì í ṣe iṣẹ́ ilé ìṣaralóge. Kí ẹ tó san owó, ẹ ní kí wọ́n fi àwòrán ojú tó dúdú bíi tiyín hàn yín, kí ó sì jẹ́ èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nítorí pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wíwú ni ó ń dí kòtò, kì í ṣe collagen.