Ẹyin Kan ní Òṣogbo, Méjìlá ní Maryland

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹyin kì í ṣe oúnjẹ ọmọdé. Wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á ya olè. Ìyá mi àgbà ní adìẹ ìbílẹ̀ bíi méje nínú àgbàlá, ṣùgbọ́n bí adìẹ bá yé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀; adìẹ ní láti sàba lé e kó fi pa ọmọ. Ẹyin tí àwa ọmọdé ń rí jẹ kò ju èyí tínńtín tó bá há sínú mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje, tí a ó máa fi ìka wá a nínú ewé kí a tó fẹnu kan ohun mìíràn. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe olè ni àwọn àgbà ń sá fún, owó ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ló wá sí mi lọ́kàn ní oṣù kejì 2025, nígbà tí mo dúró síwájú fíríìjì gbọọrọ kan ní ilé ìtajà àdúgbò wa ní Maryland, ní Amẹ́ríkà. Fíríìjì mọ́ tónítóní, iná rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹyin kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Bébà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ dígí rẹ̀ pé páálí kan péré ni ẹnì kan lè rà. Ẹyọ kan ọ̀hún gan-an ni a ò rí. Obìnrin òyìnbó kan tó dúró tì mí wò mí, èmi náà wò ó, àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo ti dé láti Òṣogbo, níbi tí mo ti fi gbogbo ọdún Kérésì ráhùn owó ẹyin.

Ọjọ́ kejì tí mo délé ni màmá mi rán mi lọ sí ọjà Ìgbóǹnà. Ìyá tí mo lọ bá ti ń ta ẹyin láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, Ìyá Ẹlẹ́yin ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n wò mí títí kí wọ́n tó dá mi mọ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọmọ, béèrè ọkọ, béèrè yìnyín. Mo ní èló ni kíréètì.

"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé ẹgbẹ̀rin. Ńlá nìyẹn o."

"Háà! Mà, nígbà tí mò ń lọ ní 2015, 700 náírà ni mo rà á lọ́wọ́ yín."

"Ọmọ mi, bá wa mú 2015 náà bọ̀ láti ọ̀hún, màá tà á fún ọ ní 700."

Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ wọn kò dúró. Wọ́n ń mú ẹyin ní méjì méjì, wọ́n ń fi wọ́n kanra jẹ́jẹ́ létí. Èyí tó bá dún ketekete, ara rẹ̀ le. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá há bíi ti ẹni tí ikọ́ ń ṣe, ó ti sán, kódà bí ojú kò bá tíì rí i. Àwọn tó sán yìí ni wọ́n ń kó sínú abọ́ ike kan tó wà lẹ́sẹ̀ wọn. Kíráàkì ni wọ́n ń pè é, àwọn oníbàárà tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀: ẹni tó ń ṣe kéèkì, àwọn abokí tó ń dín ẹyin fún àwọn ọlọ́kadà láàárọ̀, àti ẹnikẹ́ni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò bá gbé odidi. Ọmọbìnrin kékeré kan tilẹ̀ dé níbi tí mo dúró sí, ó na 200 náírà.

"Mọ́mì mi ní kí ẹ fún àwọn ní ẹyin kan."

Ìyá Ẹlẹ́yin wo ọmọ náà, wọ́n wo abọ́ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n mú kíráàkì méjì dípò odidi kan, wọ́n rọra dè é sínú láílọ́ọ̀nù dúdú. "Sọ fún màmá ẹ pé kí wọ́n sè é lónìí olónìí o. Kó má di ọ̀la." Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á bí ẹni gba ọmọ tuntun.

Èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Mo gbé kíréètì mi lé itan lórí ọ̀kadà, a dé abẹ́ bíríìjì Ọláìyá, ọlọ́kadà já sí kòtò, ẹyin mẹ́rin lọ. Ó bẹ̀ mí títí. Ó ní kí n má dà á nù, kí n fi sínú ọbẹ̀. Ohun tí màmá mi náà ṣe nìyẹn, wọ́n fi ṣíbí ha á kúrò lójú kíréètì pátápátá, wọ́n sì ṣa èèpo rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọbẹ̀ náà dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín mi ń gbọ́ "kẹ́rẹ́" lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ àbúrò mi ló là mí lóye ìdí tó fi wọ́n. Ó ń sin adìẹ 500 lọ́nà Òkinni, àwọn Isa Brown pupa yẹn. Adìẹ kan ń jẹ tó gíráàmù 115 lójúmọ́, ìyẹn ni pé 500 á jẹ àpò oníkíló 25 méjì tán, wọ́n á sì ṣí ìkẹta. Wọ́n yé o, wọn ò yé o. Àgbàdo àti sóyà ló pọ̀ jù nínú àpò yẹn. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó ọkọ̀ tó ń kó àgbàdo bọ̀ láti òkè Ọya fò sókè. Lóṣù kẹfà wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa fọwọ́ ara rẹ̀ dá iye rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àjẹsára àti fítámìn adìẹ tó ń ti òkè òkun wá tẹ̀ lé dọ́là lọ. Ó ta ìdajì adìẹ rẹ̀ fún àwọn tó ń wá ẹran ọdún, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣì ń yé. "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ló fẹ́ jẹ mí tán," ló wí. Kò sí àrùn kankan lágọ̀ọ́ rẹ̀, ara àwọn adìẹ náà le koko. Owó gan-an ni ara rẹ̀ kò yá.

Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje náà ti di ẹlẹ́mìí méjì, bí a bá tún ka ata mọ́ ọn. Ẹyin sísè tí wọ́n ń kiri ní Old Garage, tí wọ́n ń pọ́n iyọ̀ àti ata gígún sínú bébà fún, àwọn ọmọ iléèwé ń bù ú jẹ ní méjì. Ó dùn mí díẹ̀, nítorí mo rántí 2012, nígbà tí ìjọba Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní O'Meals ní àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ ń ti iléèwé dé tó ń sọ pé òun jẹ odidi ẹyin lónìí, tí ẹnikẹ́ni kò sì pè é lólè.

Ti Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Àrùn ló kó bá ẹyin níhìn-ín, ọ̀fìnkìn adìẹ tí gbogbo ayé ń pè ní bird flu. Àwa náà mọ̀ ọ́n nílé. Nàìjíríà ló ti kọ́kọ́ yọjú ní ilẹ̀ Áfíríkà ní 2006, mo sì rántí bí màmá mi ṣe fòfin de adìẹ nínú ilé wa fún bí oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ oko àwọn ará Amẹ́ríkà ní oṣù kejì 2022 kò tètè lọ. Nígbà tí 2025 fi bẹ̀rẹ̀ dáadáa, adìẹ àti tòlótòló tó ti bá a lọ ju mílíọ̀nù 150. Kì í ṣe pé àrùn náà pa gbogbo wọn. Bí wọ́n bá rí i lára ẹyọ kan, odindi oko ni wọ́n ń pa run, oko kan sì lè ní adìẹ tó ju mílíọ̀nù kan. Ẹ fi wé 500 ti Òkinni. Lóṣù kẹta, ìpíndọ́gba owó dọ́sìnì ẹyin kan káàkiri ilẹ̀ náà di dọ́là 6.23, kò ga tó bẹ́ẹ̀ rí. Waffle House, ilé oúnjẹ tó jẹ́ pé ẹyin ni òwò wọn, ti fi sẹ́ńtì 50 lé ẹyọ kọ̀ọ̀kan lóṣù tó ṣáájú. Ìjọba kéde bílíọ̀nù dọ́là kan láti fi kojú ọ̀rọ̀ náà. Brooke Rollins tó ń bójú tó ètò ọ̀gbìn wọn wá lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń sọ bí àwọn èèyàn ṣe ń rò ó pé àwọn náà lè máa sin adìẹ lẹ́yìnkùlé. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìyá mi àgbà ti ṣe mínísítà nìyẹn o, láìgba owó oṣù.

Bí èèyàn bá ṣẹ́ dọ́là 6.23 yẹn sí náírà, á ké. Ní bíi 1,500 sí dọ́là kan, ẹyin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 780 náírà. Mo ti gbọ́ tí àwọn ará ilé fi èyí tu ara wọn nínú. Ṣùgbọ́n ìṣirò tí kò bá mẹ́nu ba owó iṣẹ́, ẹ̀tàn ni. Owó iṣẹ́ tó kéré jù ní Maryland jẹ́ dọ́là 15 ní wákàtí kan. Lóṣù tí ẹyin wọ́n jù lọ yẹn, wákàtí kan ra ẹyin 28. Ìjọba Ọ̀ṣun fi 75,000 náírà ṣe owó oṣù tó kéré jù. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ fún ọjọ́ 22 lóṣù, bíi 426 náírà ló ń bọ́ sí i lọ́wọ́ ní wákàtí kan. Ẹyin méjì, pẹ̀lú ṣéńjì. Ẹni tó sì ń rí 75,000 gbà, àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní iléèwé aládàáni ń ṣe ìlara rẹ̀.

Tí wọ́n bá bi mí pé níbo lẹyin ti wọ́n jù, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì, Òṣogbo ni. Níhìn-ín, adìẹ tuntun fi bí oṣù márùn-ún dàgbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yé, kí 2025 tó parí owó náà sì ti rọlẹ̀ dáadáa. Àìsàn dé, àìsàn lọ. Ti ilé, mi ò tíì rí ohun tó gun àjà lọ́jà Ìgbóǹnà tó tún sọ̀ kalẹ̀ wá bá ilẹ̀ tó ti gbéra.

Síbẹ̀, ebi ẹyin ti pa mí ní Maryland bí kò ṣe pa mí rí ní Òṣogbo, nítorí pé níhìn-ín wọn kì í já a fún èèyàn. Bí o bá ní dọ́là mẹ́ta lọ́wọ́, tí páálí jẹ́ mẹ́fà, ẹyin tìẹ kò sí. Kò sí ẹni tí o fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ló ń gbowó, ẹ̀rọ kì í wo ojú ọmọdé. Ti kíráàkì ló tilẹ̀ ń bí mi nínú jù. Gbogbo wa la ń ṣí páálí wò kí a tó rà á, bí ọ̀kan bá ti sán, a ó pa á dé, a ó gbé òmíràn. Mọ́kànlá tí ara wọn le á wá jókòó síbẹ̀, wọ́n di ẹni ẹ̀kọ̀ nítorí ẹnì kan. Ní ọdún yẹn, pẹ̀lú gbogbo ariwo ẹyin wọ́n, mo ṣì rí i bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan tí a jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó níbi iṣẹ́ ló wá ta mí lólobó pé àwọn àgbẹ̀ kan ń ta ẹyin lẹ́nu géètì. Mo wa mọ́tò fún ogójì ìṣẹ́jú. Kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀, àfi kúlà kan lórí tábìlì, agolo owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti pátákó pé dọ́là mẹ́rin ni. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ní Òṣogbo, agolo yẹn náà ò ní bá ẹyin sùn níbẹ̀. Mo ju dọ́là mẹ́rin mi sínú rẹ̀, mo gbé méjìlá. Epo tí mo fi lọ tí mo fi bọ̀ ti jẹ èrè rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ọkọ mi.

Nígbà tí mo ṣí i nílé, inú mi dùn bíi pé mo rí ará ilé. Pupa ni wọ́n, ìyẹ́ adìẹ kan lẹ̀ mọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ mi, tó jẹ́ pé ẹyin funfun nìkan ló mọ̀, bi mí bóyá wọ́n ti bàjẹ́. Ẹyin ilé ìtajà, wọ́n máa ń fọ̀ ọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, fífọ̀ yẹn á bá ohun fẹ́lẹ́ tí Ọlọ́run fi bo ara èèpo rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí kò fi gbọdọ̀ kúrò nínú fíríìjì. Ti Ìyá Ẹlẹ́yin kò mọ omi, inú ooru ló ń jókòó sí, nǹkan kan kì í sì í tètè ṣe é.

Mo pe màmá mi lórí WhatsApp, mo gbé ẹyin náà síwájú fóònù.

"Ó jọ tiwa," ni wọ́n wí. "Èló ni?"

Mo ní dọ́là mẹ́rin, méjìlá. Wọ́n dákẹ́. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń fẹnu ṣírò rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"500 náírà ẹyọ kan! O ò bi wọ́n bóyá wọ́n ní kíráàkì?"