Ibi tí ògiri parí sí ni òkun ti ń jẹun
Òkun Alfa, Lẹ́kí, láàárọ̀ yìí: gbòǹgbò àgbọn kan ń fì lófuurufú, ìgbì ti wa yanrìn abẹ́ rẹ̀ lọ tán.

Ẹjọ́ òkun nìkan kọ́. Ní etí òkun Èkó, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni ìgbì ń ti yanrìn. Ní 1908 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi kí yanrìn má baà dí i. Yanrìn wá há sí ìwọ̀-oòrùn, ni òkun bá kọjú sí Bar Beach. Lónìí, ògiri Eko Atlantic, ìlú tí wọ́n rọ yanrìn sókun kọ́ síbẹ̀, ń dáàbò bo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwa tí a wà lápá ìlà-oòrùn ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ to òkúta, ẹ gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá ibi tí ìgbì lè wa dé. Jiotẹ́sítáìlì lẹ máa kọ́kọ́ tẹ́, aṣọ tí omi ń gbà kọjá tí yanrìn kì í gbà, lẹ́yìn náà òkúta kéékèèké, kí ràbàtà tó gùn ún. Ẹni tó bá fo aṣọ yẹn, omi á máa fa yanrìn jáde láàárín òkúta, gbogbo rẹ̀ á sì rì díẹ̀díẹ̀. Àpò ìrẹsì tí wọ́n rọ yanrìn sí? Oòrùn á jó o, á fà ya, owó wọmi nìyẹn.

Tó bá jẹ́ groyne, ìyẹn òkúta tí a tò gbọọrọ wọnú òkun, ẹ fi yanrìn kún àárín wọn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yanrìn aládùúgbò lẹ ń dá dúró. Ẹ má sì lọ wa yanrìn ọ̀hún nítòsí etíkun o!