Wọ́n ní mo fowó lé ọjà

Lánàá ni ìkànnì tí mo ti ń tajà yọ sítáǹpù lẹ́tà àtijọ́ kan tí mo gbé síbẹ̀ kúrò. Wọ́n ní owó rẹ̀ pọ̀ jù. Ó dùn mí wọra. Kọ̀ǹpútà ló wo iye tí wọ́n tẹ̀ sójú sítáǹpù, ó fi wé iye tí mo pè é, ló bá sọ mí di arẹ́nijẹ.

N ò lòdì sí òfin tó ní kí èèyàn má fowó lé ọjà láti rẹ́ni jẹ o. Ní 2020, nígbà àrùn kòrónà, àwọn kan ń fi ìbòmú rẹ́ni jẹ. Ìwà ìkà gbáà ni.

Ṣùgbọ́n ta ni àìrí sítáǹpù rà máa pa? Ẹ wo sítáǹpù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Inverted Jenny, ọdún 1918: sẹ́ǹtì 24 ni wọ́n kọ sí i, wọ́n ṣèèṣì tẹ ọkọ̀ òfuurufú inú rẹ̀ dorí kodò, 100 péré ló bọ́ sọ́wọ́ aráàlú. Ní 2023, wọ́n ta ẹyọ kan ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 2 dọ́là.

Tèmi ò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo eyín wẹ́wẹ́ tó yí etí rẹ̀ ká ló pé, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì kan omi rí. Ohun tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ń sanwó fún nìyẹn. Mo ti kọ̀wé sí wọn pé kí èèyàn ẹlẹ́ran-ara bá mi wò ó.