Bí Ìwé Ṣe Já Iná Ilé Wa

Kí n tó yan ìwé fún èèyàn, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ẹni tó jẹ ní gbèsè àti ẹni tó jẹ ẹ́. N ò fi ṣeré rárá. Ìtàn-àròsọ tó bá ayé ọba àti ogun lọ kì í ṣe nǹkan à ń gbé fún ẹni tínú ń bí. Ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tún wá burú jù: ẹ má gbé e fún ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n Alájà, ìyàwó onílé wa, ò fẹ́ gbọ́ àlàyé. Wọ́n ní ìwọ tó o máa ń kàwé yìí, jọ̀ọ́, bá mi wá èyí tó nípọn fún Bàbá, kí gbogbo wa lè sinmi.

Bàbá ni onílé wa ní Tankẹ́, ní Ilọrin. Ilé náà gùn gbọọrọ, yàrá kọjú sí yàrá, bí ẹnì kan bá ń dín ata, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò sín. Ọmọ Ọ̀fà ni Bàbá, àwọn tí wọ́n ń kì pé ìjàkadì lorò wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí wọn ò rí ọ̀gá tí wọ́n máa bá wọ̀yá ìjà mọ́, wọ́n dojú ẹ̀ kọ àwa ayálégbé. Ta ló da omi ọṣẹ sí gọ́tà? Ta ló gbàgbé géètì?

Mo gbé Àjà Ló Lẹrù fún wọn, èyí tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ló ń lé àwọn ọ̀daràn kiri nínú ẹ̀, òun àti Táàfà. Ẹ má gbé nǹkan kaná tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà á. Ohun tí mo rò ni pé Bàbá á jókòó sójú kan.

Lóru ọjọ́ kan mo gbọ́ gbà, gbà, gbà lára ilẹ̀kùn. Àyà mi já. Owó tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí ni mo kọ́kọ́ nawọ́ sí, kí n lè tètè kó o fún wọn kí wọ́n máa lọ.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Èyí tó tẹ̀ lé e dà?"

Àgbàlagbà Akàn ló tẹ̀ lé e, 1971, Lápàdé kan náà ni. (Ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n, kó má kà á sódì o, Àjà Ló Lẹrù ló ṣáájú.) Mo nawọ́ ẹ̀ sí wọn láti ojú fèrèsé, mo padà sùn.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, Bàbá ti ra ìwé kékeré kan, wọ́n fi bírò há etí. Wọ́n ń kọ àsìkò tí oníkálukú ń wọlé. Bọ̀dá oníkẹ̀kẹ́ tó ń gbé ìdí géètì dé láago mọ́kànlá alẹ́, wọ́n bi í pé ibo ló wà láti aago mẹ́sàn-án. Ó ní èrò lòun gbé lọ sí Gẹ̀rì Àlímì. Wọ́n ní kó lọ pe èrò náà wá.

Àárín ìgbà yẹn ni Ìyá Oníwàrà ní àwọn náà fẹ́ ìwé. Mo wò ó pé ẹni tó ń gbé wàrà rù lọ sí Ọjà Ọba lójoojúmọ́ yẹ lẹ́ni à ń fún ní ojúlówó, ni mo bá mú Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí jáde. 1969 náà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nínú ìtàn-àròsọ ayé àtijọ́ ní èdè wa, n ò tíì rí èyí tó borí ẹ̀. Àwọn ará Òkè Ògùn ń sin ọba kan, Olúmokò, wọ́n ń sìn ín, wọ́n ń sìn ín, títí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó máa ń dùn mí pé kò sẹ́ni tó jókòó ti tiwa níbí bẹ́ẹ̀. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tó kẹ̀yìn sí Aláàfin; Ṣéù Àlímì tó wá bá a ní Ilọrin; ogun Jálumi ní 1878, nígbà tí Ìbàdàn lé àwọn ọmọ ogun Ilọrin àti àwọn tó gbè wọ́n sínú odò Ọ̀tìn. Ẹni tó bá kọ ọ́ dáadáa, màá ra tèmi, màá ra ti Bàbá.

Ìyá Oníwàrà kì í dá ìwé kà. Lálẹ́, tí wọ́n bá ń dín wàrà tí kò tà, wọ́n á fi ọwọ́ kan yí i nínú epo, wọ́n á fi ìkejì gbé ìwé, wọ́n á máa kà á sókè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yàrá ẹ̀yìn gbé fóònù sílẹ̀. Bọ̀dá oníkẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tètè wọlé. Bàbá kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Oṣù parí. Bàbá pè wá jọ, wọ́n ní owó ẹ̀rọ omi ti lé. Kí wọ́n tó sọ ìdí, Bọ̀dá oníkẹ̀kẹ́ dìde.

"Bàbá, ìsìn yìí ti pọ̀ jù."

Ohùn kan sì ti ẹ̀yìn wá: "Olúmokò!"

Ká ní tẹ́lẹ̀ ni, ilé ò bá dàrú. Ṣùgbọ́n Lápàdé kì í bínú, ó máa ń wádìí ni. Bàbá ra bisikíìtì fún ọmọ Ìyá Oníwàrà kó lè sọ ẹni tí Olúmokò í ṣe. Ọmọ jẹ ẹ́ tán, ó ní òun ò mọ̀, ó tún nawọ́. Wọ́n yẹ ìsàlẹ̀ sálúbàtà gbogbo wa wò. Ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀, Ọlọ́run ló yé. Ẹ̀yìn-ọ-rẹyìn, wọ́n bá ìwé lábẹ́ igbá wàrà, omi wàrà ti mú ẹ̀yìn ẹ̀ le gbagidi. Wọ́n ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀ gàdàgbà, bírò pupa ni mo fi kọ ọ́ kí wọ́n má bàa jí i.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ kejì. Mo dọ̀bálẹ̀, gbogbo ilé ti pé sí pálọ̀. Ojú Bàbá pọ́n.

"Ìwọ lò ń kó ìwé ọ̀tẹ̀ wọlé?"

"Bàbá, ìtàn-àròsọ ni."

"Mo ti kà á. N ò fojú kan oorun." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Àjàyí yẹn, ọkùnrin ni! Ohun tó dùn mí ni pé èmi lẹ wá ń pè ní Olúmokò. Èmi! Ta ló ń gbé bíìlì iná wá lóṣooṣù láìwo mítà? Ta là ń sìn gan-an?"

A wo ara wa. Ọ̀rọ̀ náà lójú. Ìyá Oníwàrà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí àwọn oníbíìlì dé, Bàbá ti dúró sí géètì, ìwé kékeré lọ́wọ́, Bọ̀dá oníkẹ̀kẹ́ lápá ọ̀tún. Wọ́n sọ̀rọ̀ tó gún régé, wọ́n mẹ́nu ba Òkè Ògùn, wọ́n ní, "A ò sìn mọ́!" Àwọn ọmọkùnrin méjì yẹn ò fèsì kankan. Ọ̀kan gbé àkàbà ti òpó, èkejì dì í mú. Wọ́n já iná wa, wọ́n kí Bàbá pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́, wọ́n lọ.

Ẹran iléyá tí mo tọ́jú sí fìríìjì, alẹ́ ọjọ́ náà ni gbogbo ilé bá mi jẹ ẹ́. Owó tí wọ́n gbà kí iná tó padà ju èlé orí owó ẹ̀rọ omi lọ fíìfíì. A dá méjèèjì, a san án.

Orí Fágúnwà ni Bàbá wà báyìí. Wọ́n ní irọ́ ni mo ń pa pé Ògbójú Ọdẹ ti 1938 ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kà, pé Olówó-ayé inú Igbó Olódùmarè ti 1949 ló bí Akàrà-oògùn inú Ògbójú Ọdẹ, ta ló ń kí ọmọ ṣáájú bàbá? Alájà yọ́ wá bi mí bóyá iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n ń ṣe nínú ẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n lọ gbé àdá pamọ́.

Ìyá Oníwàrà ò tíì dá ìwé mi padà. Wọ́n ní mo fún Bàbá ní èyí tó tẹ̀ lé e, kí wá ni mo fi àwọn pè?