Ohun tí ìwé ogun Alexander kọ́ mi nípa kíka ìtàn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìtàn, bí wọ́n bá gbé ìwé ogun Alexander ti Makedóníà lé yín lọ́wọ́, ẹ má tíì sáré dé ojú ogun. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àti ibi tó wà nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀.

Bábílónì ni Alexander kú sí lọ́dún 323 kí wọ́n tó bí Jésù. Arrian, òpìtàn Gíríìkì tí àwọn olùkọ́ sábà máa ń ní ká gbẹ́kẹ̀ lé jù, ó lé ní 400 ọdún lẹ́yìn náà kó tó kọ tirẹ̀. Curtius, Plutarch àti Diodorus, àwọn òpìtàn àtijọ́ míì tó kọ̀wé nípa Alexander, náà ò fojú rí i. Àwọn tó bá ọba rìn kọ̀wé lóòótọ́, àmọ́ ìwé wọn ti sọnù. Ìwọ̀nba tí àwọn ará ẹ̀yìn fà yọ ló kù sí wa lọ́wọ́.

Arrian ò fi ẹni tó gbára lé pa mọ́. Méjì ni wọ́n: Ptolemy, ọ̀gágun Alexander tó padà jọba ní Íjíbítì, àti Aristobulus, tí òun náà wà nínú ogun. Ibi tí ẹnu àwọn méjèèjì bá ti kò, ó gbà á lóòótọ́. Ó tún ní Ptolemy jẹ́ ọba, ìtìjú ni kí ọba purọ́. (Ẹni tó bá ti gbé nítòsí ààfin rí á rẹ́rìn-ín.) Ẹ wá wo ikú Callisthenes, òpìtàn tí Alexander mú dání lọ sógun. Ptolemy ní wọ́n dá a lóró, wọ́n sì so ó rọ̀. Aristobulus ní ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n fi dè é, tí wọ́n ń mú un kiri bí ogun ṣe ń lọ, àìsàn ló sì pa á. Inú ogun kan náà ni àwọn méjèèjì wà o! Nígbà tí Alexander ń la aṣálẹ̀ lọ sí ojúbọ òrìṣà Ammon ní Siwa, ní Íjíbítì, ńkọ́? Ptolemy, ọba tí kì í purọ́, ní ejò méjì tó ń fọhùn ló ṣíwájú wọn. Aristobulus ní ẹyẹ ìwò méjì ni.

Síbẹ̀, ẹ má torí ejò da Ptolemy nù. Nígbà tí ọfà gún Alexander ní àyà ní ìlú àwọn Malli, ní ilẹ̀ Íńdíà ayé àtijọ́ tó di Pakistan lónìí, àwọn kan kọ ọ́ pé Ptolemy wà níbẹ̀ tó ń dáàbò bò ó. Ptolemy fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé òun ò sí níbẹ̀, ibòmíràn lòun ti ń jà. Ẹni tó bá ní òun ò gba ògo tí wọ́n gbé fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ tẹ́tí sí i.

Ní ti iye ọmọ ogun, ẹ rọra. Ní ogun Gaugamela, lọ́dún 331 kí wọ́n tó bí Jésù, Arrian ròyìn pé Dáríúsì, ọba Páṣíà tí Alexander ń bá jà, kó 1,000,000 ẹlẹ́sẹ̀ àti 40,000 ẹlẹ́ṣin wá. Curtius ní 200,000 ẹlẹ́sẹ̀ àti 45,000 ẹlẹ́ṣin. Arrian ní nǹkan bí 100 èèyàn ló kú lọ́dọ̀ Alexander. Ta ló dúró kà wọ́n? Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ro iye méjèèjì pọ̀, tó pín in sí méjì, tó pe àárín rẹ̀ ní òótọ́. Àwíjàre ajagunṣẹ́gun ni gbogbo rẹ̀.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ìdí nìyẹn tí inú mi fi ń dùn sí wàláà amọ̀ àwọn awòràwọ̀ Bábílónì, tó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òṣùpá ṣókùnkùn ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ogun Gaugamela. Arrian ní Dáríúsì ló kọ́kọ́ sá. Bí àwọn onímọ̀ ṣe ka wàláà náà, àwọn ọmọ ogun ló fi ọba sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé!

Bí ẹ bá fẹ́ dán ọwọ́ yín wò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ogun odò Granicus, lọ́dún 334 kí wọ́n tó bí Jésù. Nínú ìwé Arrian, Parmenio, ọ̀gágun Alexander, ní kí wọ́n dúró di àfẹ̀mọ́jú, Alexander kọ̀, ó sọdá lójú ẹsẹ̀. Nínú ti Diodorus, àfẹ̀mọ́jú gan-an ni wọ́n sọdá. Ẹ fa ìlà sí àárín tákàdá, kí ẹ kọ ti ẹni kìíní sápá kan, ti ẹnì kejì sápá kejì, kí ẹ tó ṣí ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n kankan.